Ta Ni Ó Ni Ọkọ̀ Cobra?

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe yìí bá ìtàn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Cobra mu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pè é ní ọkọ̀ Amẹ́ríkà nìkan. Àwa kò fara mọ́ ọn.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan, AC ti Thames Ditton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gbé ọkọ̀ Ace jáde ní 1953. Ara rẹ̀ fúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti darúgbó: láti 1919 ni John Weller ti gbé e kalẹ̀. Wọ́n lo ti Bristol pẹ̀lú, ṣùgbọ́n Bristol dáwọ́ ṣíṣe é dúró ní 1961. Nígbà náà ni Carroll Shelby ará Texas, ẹni tí ó borí ní Le Mans ní 1959, kọ̀wé sí wọn. Ní 1962, ẹ́ńjìnnì Ford V8 wọ inú ọkọ̀ náà. Ó lágbára, síbẹ̀ kò wúwo púpọ̀, nítorí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni Ford da irin rẹ̀. Nígbà tí ti lítà méje dé, wọ́n ní láti sọ eegun ọkọ̀ di ńlá. Ẹ̀yìn ewúrẹ́ kò lè ru ẹrù ẹṣin.

Thames Ditton ni a ti ń fi ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́ sí California. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 1,000 lọ. Síbẹ̀, ní 1965, Cobra gba ipò àkọ́kọ́ lágbàáyé lọ́wọ́ Ferrari láàrin àwọn ọkọ̀ GT ńláńlá.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa pé kò sí ìtìjú nínú gbígba ohun tí a kò ní lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìtìjú ni kí a gbàgbé ẹni tí a jọ ṣe é.