Ọ̀PỌ̀LỌ́ TÓ Ń LÓYÚN OṢÙ MẸ́SÀN-ÁN WÀ LÓRÍ ÒKÈ IRIN!

Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Oko Ọba, l'Ágége, láàárọ̀ kùtù. Alápatà tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọ̀bẹ kan ẹran kó tó ka iye tó rà. Bí ọ̀kan bá dàwátì lọ́sàn-án, iye tó kà láàárọ̀ ni yóò fi jà.

Bó ṣe yẹ kó rí nínú igbó náà nìyẹn kí àwọn awakùsà tó wọ ibẹ̀. Kí wọ́n ka ẹranko, ẹyẹ àti ẹja ibẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan á ní, "Ẹranko kẹ̀? Wúrà là ń wá!" Ẹ jẹ́ ká dé Òkè Nimba ná.

Ibi tí Guinea, Liberia àti Côte d'Ivoire ti pààlà ni òkè yìí wà. Irin ló kún inú ẹ̀ bámúbámú. Lápá Liberia, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1963. Ṣùgbọ́n nínú koríko orí òkè náà, ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan wà tí kò sí níbòmíràn láyé. Kì í yé ẹyin sómi bíi ti ẹ̀yìnkùlé wa. Oyún ló ń ní, oṣù mẹ́sàn-án gbáko bí ìyàwó ilé, ọmọ tó pé lápá lẹ́sẹ̀ ló sì ń bí!

Ibi tọ́rọ̀ wà rèé: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú ihò àti pàlàpálá òkúta ló ń sá sí. Bí àwọn tó ń ka ẹranko bá lọ lóṣù kìíní, àfàìmọ̀ kí wọ́n má rí ẹyọ kan. Wọ́n á kọ ọ́ síwèé pé "kò sí". Katapílà dé, ó parí! Ìdí nìyẹn tí kíkà náà fi gbọ́dọ̀ kan òjò, kó kan ẹ̀ẹ̀rùn, kó kan ọ̀sán, kó kan òru.

Iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe eré. Wọ́n ń so kámẹ́rà mọ́ igi, kí ẹran òru lè ya fọ́tò ara ẹ̀ láìmọ̀. Ti ìnàkí tó ń sá féèyàn, ibùsùn ẹ̀ ni wọ́n ń kà, torí alaalẹ́ ló ń tẹ́ tuntun sórí igi.

Láti 1992 ni UNESCO ti ka Nimba mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé tó wà nínú ewu. Ọdún yẹn gan-an nìjọba ológun tiwa ṣe òfin No. 86, pé kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò kí iṣẹ́ ńlá bí ìwakùsà tó bẹ̀rẹ̀. Ó dáa. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ wa kùsà náà ló ń sanwó fún ẹni tó ń ka ẹranko. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Ẹ wá wo Ọ̀ṣun. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wa wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò gbàwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Omi odò Ọ̀ṣun pọ́n. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fáwọn tó wá ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo kí wọ́n má mu ún. Bí apẹja bá wá pariwo pé ẹja ti tán, wọ́n á bi í pé, "Mélòó ló wà tẹ́lẹ̀?" Kí ló fẹ́ fèsì?

Ẹ̀yin àgbà Ìjẹ̀ṣà àti Òṣogbo tẹ́ ẹ wà l'Ágége, ẹ kọ lẹ́tà sí wa. Ẹja wo lẹ fi ìwọ̀ mú nínú odò yẹn nígbà èwe yín, ọdún wo lẹ sì rí i kẹ́yìn? Orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé ni kẹ́ ẹ kọ.