Kabúrétọ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́

Kabúrétọ̀ ni ẹ̀yà ẹ́ńjìnì tó ń po epo bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́, nǹkan bí ìwọ̀n 1 epo sí 14.7 afẹ́fẹ́ nípa ìwúwo. Òun ni àwọn Bedford àtijọ́ tó ń lo bẹntiróòlù ní, lára wọn ni àwọn alára pákó tí wọ́n ń pè ní bọ́lẹ̀kájà.

Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá tètè ṣáná, tàbí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń gbọ̀n, kabúrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń kọ́kọ́ tú, nígbà tó jẹ́ pé iná gan-an ni kò dé. Kí ẹ́ńjìnì tutù, kí a pa á, kí a ṣí asẹ́ afẹ́fẹ́, kí ẹnìkan sì fẹsẹ̀ tẹ ìtẹná. Bí epo bá tú wọ ẹnu kabúrétọ̀, epo ń dé ibẹ̀. Púlọ́ọ̀gì àti kọ́ńtáàtì ló kàn. Púlọ́ọ̀gì tó dúdú kirikiri fi hàn pé epo pọ̀ jù. Èyí tó funfun, epo kò tó. A kò gbọdọ̀ dán iná púlọ́ọ̀gì wò nítòsí epo tó tú jáde.

Ṣóòkù náà a máa tú àṣírí: bí ẹ́ńjìnì tó ti gbóná bá fara balẹ̀ nígbà tí a fà á díẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń yọ́ wọlé lábẹ́ kabúrétọ̀, tàbí kí jẹ́ẹ̀tì ti dí.