Doctor Who dé Èkó: Kí ló fà á tí ariwo fi ń sọ lórí gbogbo apá tuntun eré yìí?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ fojú inú wo ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan l'Ékòó. Ọkùnrin kan jókòó sórí àga, wọ́n ti da aṣọ bò ó láyà, klípà ń dún lẹ́bàá etí rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dákẹ́ o. Ìtàn ló gbọ́dọ̀ máa pa bí wọ́n ṣe ń gẹ irun rẹ̀. Bó bá parí, irun náà á tún hù padà lójú ẹsẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó lè sá lọ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, torí pé bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn, kì í ṣe títì Èkó ni wọ́n ń rí. Òfuurufú ni, níbi tí èèyàn ò ti lè mí.

Ohun tí BBC gbé jáde nìyẹn nínú eré Doctor Who ní ọjọ́ 10, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025. Àkọlé apá náà ni "The Story & the Engine". Inua Ellams, akéwì àti òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé tí wọ́n bí sí ìlú Jos, ló kọ ọ́. Àwọn olólùfẹ́ eré náà ò jẹ́ kó tutù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Àwọn kan ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti rí irú rẹ̀. Àwọn kan ní ìparí rẹ̀ ti yá jù. Àwọn míì ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n máa fi sí.

Ṣé torí pé Èkó ni? Rárá o. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ á rò pé ńṣe ni wọ́n kórìíra eré tí wọ́n ní àwọn fẹ́ràn.

Ta ni Dókítà yìí gan-an?

Kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Kì í tiẹ̀ ṣe èèyàn bíi tiwa. Pílánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní Gallifrey ni wọ́n ní ó ti wá, ọkàn méjì ló ń lù láyà rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ gan-an. Inú àpótí búlúù kan ló máa ń wọ̀, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò láyé àtijọ́ láti fi tẹ àgọ́ wọn láago. Lóde, àpótí kékeré ni. Tí ẹ bá wọlé, ó gbòòrò ju ààfin lọ. Àpótí yìí ló ń gbé e lọ sí ìgbà àtijọ́, ìgbà tó ń bọ̀, àti ayé mìíràn.

Ọjọ́ 23, oṣù Kọkànlá, ọdún 1963 ni eré yìí kọ́kọ́ jáde. Ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà. Ọkàn àwọn èèyàn ò sí lórí eré, ni BBC bá tún apá kìíní gbé jáde lọ́sẹ̀ kejì kó tó fi apá kejì tẹ̀ lé e.

Ọgbọ́n tó mú eré yìí pẹ́ tó báyìí, àìsàn ló bí i. Ní 1966, ara William Hartnell tó ń ṣe Dókítà kò le mọ́. Dípò kí wọ́n pa eré náà tì, wọ́n ní tí ikú bá sún mọ́ Dókítà, ó máa ń bọ́ ara àtijọ́ sílẹ̀ bí ejò ṣe ń bọ́ awọ. Ojú tuntun, ìwà tuntun, ṣùgbọ́n ẹni kan náà ni. Bí Patrick Troughton ṣe gba ipò nìyẹn. Látìgbà náà, ọkùnrin ti ṣe é, obìnrin ti ṣe é, ọ̀dọ́ àti àgbà. Ncuti Gatwa, tí wọ́n bí ní Rwanda tó sì dàgbà ní Scotland, ló ṣe é nínú apá ti Èkó yẹn.

"Dókítà tèmi"

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí o. Àwọn olólùfẹ́ eré yìí ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ: "Dókítà tèmi". Ẹni tó ń ṣe é nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí Tom Baker ń ṣe é, láàárín 1974 sí 1981, títí ayé ni ti Tom Baker. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kété lẹ́yìn 2005, ọdún tí eré náà padà dé, ti David Tennant ló máa pè é. Nítorí náà, bí apá tuntun bá dé, kì í ṣe ẹyọ eré kan péré ni wọ́n ń wò. Ìgbà èwe wọn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọn bàbá wa náà ń ṣe é: ẹni tó wo Baba Sala láàyè, ta ló máa pa á lẹ́rìn-ín lónìí?

Ohun tó tún ń dá kún un ni pé ní 2025, aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Sátidé ni BBC ń gbé apá tuntun sórí iPlayer, kó tó di alẹ́ kó tó wá sórí tẹlifíṣàn. Ẹ rò ó wò ná. Ẹni tó fẹ́ dúró di alẹ́ kó lè bá ìyàwó àtọmọ wò ó, gbogbo àṣírí eré ti tú mọ́ ọn létí kó tó jẹun ọ̀sán.

Kí ni wọ́n rí sí ti Èkó?

Ká sọ tòótọ́, ohun tó gún ọ̀pọ̀ lọ́kàn jù ni ọ̀rọ̀ tí Dókítà sọ nípa ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ó ní láti ìgbà tí òun ti gbé àwọ̀ dúdú wọ̀, àwọn ibì kan wà láyé tí wọn kì í wo òun bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tí òun bá wọ ṣọ́ọ̀bù Omo, ọmọ ilé ni òun. Ẹni tó bá ti gbé ní òkè òkun rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe eré. Ellams mọ irú ilé yẹn dáadáa. Eré orí ìtàgé rẹ̀, "Barber Shop Chronicles", tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní National Theatre ní London ní 2017, láti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan bọ́ sí òmíràn ni: Èkó, Accra, Kampala, Harare, Johannesburg àti London.

Orí ọ̀rọ̀ yìí náà ni awuyewuye ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Dókítà gbà pé Omo ọ̀rẹ́ òun ló ti òun sínú pàkúté, ó bínú gidi. Àwọn kan ní ó jàre, torí ibi tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí ni wọ́n ti mú un. Àwọn kan ní ẹni tí wọ́n há mọ́lé, tí ò mọ ibi tó máa gbà, kí ni wọ́n fẹ́ kó ṣe? Èmi fara mọ́ àwọn ti kejì yìí.

Ọ̀rọ̀ irun náà tún wà ńbẹ̀. Obìnrin kan di irun Dókítà, ẹsẹ̀ irun yẹn ló sì fi ya ọ̀nà àbáyọ sí i lórí. Ó rán wọn létí ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa àwọn ẹrú ní Amẹ́ríkà, pé inú irun dídì ni wọ́n ń fi àwòrán ọ̀nà tí wọ́n máa gbà sá pamọ́ sí. Àwọn ìyá wa tó ń di kọlẹ́sẹ̀ àti ṣùkú á gbádùn ibẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí èmi náà rojọ́ tèmi díẹ̀. Obìnrin tó di irun yìí, ọmọ Anansi ni wọ́n pè é. Anansi aláǹtakùn, ọ̀dọ̀ àwọn Akan ní Ghana ló ti wá, àwọn ẹrú ló gbé e dé Jamaica. L'Ékòó ńkọ́? Alálọ̀ọ́ l'Ékòó, ọ̀rọ̀ Ìjàpá ló máa sọ! Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó gbé ṣọ́ọ̀bù náà dání, aláǹtakùn ńlá ni, orí okùn rẹ̀ ló ń rìn. Ìjàpá ò lè ta okùn. Mo gbà fún un.

Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni Jo Martin sì fi yọjú, àwọn olólùfẹ́ pariwo. Obìnrin aláwọ̀ dúdú yìí kọ́kọ́ jáde ní January 2020 gẹ́gẹ́ bí Dókítà kan tí Dókítà fúnra rẹ̀ ò rántí mọ́. Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tíì fún un ní eré tirẹ̀ lórí tẹlifíṣàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń yọ̀ tí àwọn kan sì ń bínú sí nǹkan kan náà: wọ́n ní, ṣé kí ó kàn yọjú kó tún lọ náà ni?

Ẹni tó pariwo lánàá, òun ni ọ̀gá lónìí

Ohun tó yàtọ̀ nínú eré yìí ni pé àwọn tó ń pariwo kì í dúró síta. Ní 1974, Peter Capaldi, ọmọ ọdún 15, kọ lẹ́tà nípa eré yìí sí ìwé ìròyìn Radio Times, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó dàgbà, ó di Dókítà fúnra rẹ̀ títí di 2017. Ti Chris Chibnall ló wá dùn jù. Ní 1986, ọ̀dọ́ ni, ó lọ sórí ètò kan ní tẹlifíṣàn BBC, ó ń bá àwọn òǹkọ̀wé eré náà wí lójú ara wọn pé iṣẹ́ wọn ò dáa tó. Nígbà tó yá, láti 2018 sí 2022, òun ni ọ̀gá eré náà. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà yẹn ṣe fún un? Ohun tó ṣe fún àwọn yẹn gan-an ni.

Nígbà tí BBC dá eré náà dúró ní 1989, bí a bá yọ fíìmù kan tó jáde ní 1996 sílẹ̀, ọdún mẹ́rìndínlógún ni kò fi sí eré tuntun lórí tẹlifíṣàn. Àwọn olólùfẹ́ ló ń kọ ìwé ìtàn. Láti 1999, ilé iṣẹ́ Big Finish, tí àwọn olólùfẹ́ dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí gbé e jáde bí eré orí rédíò, wọ́n sì pe àwọn Dókítà àtijọ́ padà wá sọ̀rọ̀. Àwa oní-rédíò mọ iyì ìyẹn.

Fíìmù tó sùn sí Jos

Ọ̀rọ̀ wá kan ilé wa báyìí. Láyé ọjọ́un, BBC máa ń pa ohun tó wà lórí téèpù rẹ́ kí wọ́n lè fi ya nǹkan mìíràn. Àìmọye apá Doctor Who láti 1964 sí 1969 ló bá a lọ. Àwọn ọmọdé olólùfẹ́ tó gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ síwájú tẹlifíṣàn nílé ni kò jẹ́ kí ohùn wọn ṣègbé. Ohùn gbogbo apá tó sọnù ló wà títí dòní.

Àwòrán ńkọ́? BBC ti ta ẹ̀dà fíìmù fún àwọn orílẹ̀-èdè míì, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, wọ́n kéde pé Philip Morris, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń wá fíìmù àtijọ́ kiri Áfíríkà, ti rí apá mẹ́sàn-án tó sọnù nílé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan ní Jos. Eruku ti bò wọ́n lórí pẹpẹ. "The Enemy of the World" ni apá márùn-ún, "The Web of Fear" ni mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olólùfẹ́ fi ka ti àkọ́kọ́ yẹn sí eré tí ò já mọ́ nǹkan, torí apá kan ṣoṣo ni wọ́n rí nínú mẹ́fà. Ọjọ́ tí wọ́n rí i pé, tí wọ́n rí bí Troughton ṣe ṣe Dókítà tó tún ṣe ìkà ènìyàn inú eré kan náà, ọ̀pọ̀ wọn kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ.

Jos yẹn náà, ẹ má gbàgbé, ni wọ́n bí Ellams sí.

Níbo ni ọ̀rọ̀ dé báyìí?

Ní ọjọ́ 31, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, Gatwa bọ́ ara sílẹ̀, Billie Piper ló sì yọ jáde, ẹni tó ti ṣe Rose, ọ̀rẹ́ Dókítà, ní 2005. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ìparí eré, ṣùgbọ́n wọn ò kọ ọ́ pé Dókítà ni. Ìjà ńlá! Ṣé òun ni Dókítà tuntun ni, àbí ẹ̀tàn ni? Ní oṣù Kẹwàá, Disney+ tó ń bá BBC náwó sí i yọwọ́. BBC ní eré náà ò kú, pé Russell T Davies máa kọ ọ̀kan fún Kérésìmesì 2026. Ẹ̀rù wá ń ba àwọn tó rántí 1989, àwọn kan sì ń bi ara wọn bóyá ẹnu àwọn ló pọ̀ jù.

Ó ku ẹyọ kan tí wọn ò tíì yéé wá. Nínú "The Web of Fear", apá kẹta ò sí lára èyí tó dé láti Jos. Morris ní òun rí i níbẹ̀ nígbà tí òun kọ́kọ́ débẹ̀, kó tó di pé wọ́n kó wọn jáde ló pòórá. Agolo fíìmù ni, pẹlẹbẹ, roboto. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ṣiṣẹ́ tẹlifíṣàn lápá ibẹ̀ láyé ọjọ́un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.