Yíyan Ọ̀dọ́ Eléré Họ́kì

Nínú eré họ́kì orí yìnyín ti Amẹ́ríkà àti Kánádà, ọmọ nǹkan bí ọdún 18 ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹgbẹ́ eléré ń yàn lọ́dọọdún. Ara wọn kò tíì gbó. Ní 1993, Ottawa ló kọ́kọ́ yàn. Wọ́n mú Alexandre Daigle, Hartford sì mú Chris Pronger, ẹni tí ó di àgbà ọ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Detroit wàyí. Ní 1998, ènìyàn 170 ni a ti yàn kí wọ́n tó mú Pavel Datsyuk, ará Rọ́ṣíà tí ara rẹ̀ kò tóbi. Ojú inú ni a máa ń yìn wọ́n fún. N kò gbà bẹ́ẹ̀ tán, nítorí pé àwọn pàápàá ti mú ẹlòmíràn ṣáájú rẹ̀. Sùúrù ni ó yẹ kí a yìn: ọmọ ọdún 23 ni Datsyuk nígbà tí ó wọ ẹgbẹ́ wọn ní 2001.