Kámẹ́rà ojú ọkọ̀ lè jẹ́rìí
Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ rántí January 29, 2023: bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù forí sọra wọn nítòsí Ìdáàṣà, iná sọ, èèyàn tó lé ní 20 kú. Ọ̀nà tí iṣu wa ń gbà lọ Kútọnu nìyẹn.

Bí ọkọ̀ bá kọlu ọkọ̀, kálukú á ní òun kọ́ ló jẹ̀bi. Kámẹ́rà kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú lè jẹ́rìí. Àmọ́ bí káàdì inú rẹ̀ bá kún, àwòrán tuntun á máa pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ kọ́kọ́ gba ẹ̀mí là, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pa kámẹ́rà, kẹ́ ẹ tọ́jú káàdì de ọlọ́pàá.

Kámẹ́rà ò lè lé oorun lójú awakọ̀ o. Ẹ jẹ́ kó sinmi.