Nígbà Tí Àwọn Àgùdà Mbaise Kọ Bíṣọ́ọ̀bù Tí Póòpù Yàn

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó ti pẹ́ ní ìdálẹ̀, ìbáà ṣe ní Kánò tàbí Jọ́ọ̀sì, ìbáà ṣe ní Ẹnúgù, tí a kò tíì fi ojú tàbí ẹnu bi léèrè rí pé, "Ṣé ọmọ ibí ni ọ́?" Ìbéèrè náà a máa jáde nídìí iṣẹ́ ìjọba, a máa jáde nídìí ilẹ̀, a sì máa jáde bí ọjọ́ ìdìbò bá ti ń súnmọ́. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ti rò pé bí ènìyàn bá ti wọ ilé Ọlọ́run, ìbéèrè náà ti parí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ahiara, ní ilẹ̀ Mbaise ní Ìpínlẹ̀ Imo, láti ọdún 2012 títí di ọdún 2018, fi hàn wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀ràn náà ni àwọn ènìyàn tí ó fẹ́ràn Póòpù tọkàntọkàn ti bá ara wọn níbi tí wọ́n ti ń bá Póòpù kan náà jiyàn.

Ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbò, a mọ Mbaise sí ibi tí ẹ̀sìn Àgùdà ti ta gbòǹgbò. Àwọn ọmọ wọn tí ó di Fádà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi ń pe ibẹ̀ ní Áyálándì ilẹ̀ Nàìjíríà, nítorí pé láti Áyálándì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì tí ó mú ẹ̀sìn náà dé ọ̀dọ̀ wọn ti wá. Ní ọdún 1987 ni Ahiara ní Bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Victor Chikwe, ọmọ wọn, ni ó kọ́kọ́ jẹ oyè náà, ó sì kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010. Ìjókòó ṣófo fún ohun tí ó ju ọdún méjì lọ. Nígbà tí ó di ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2012, Póòpù Benedict kẹrìndínlógún kéde pé Peter Okpaleke, Fádà kan láti Awka ní Ìpínlẹ̀ Anambra, ni òun yàn.

Inú bí wọn ní Mbaise. Fádà àti ọmọ ìjọ jọ fọn sí ìgboro láti sọ pé àwọn kò gbà. Wọ́n ní kì í ṣe pé àwọn kórìíra ọkùnrin náà. Wọ́n ní Fádà pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn bí eṣú, kí ló dé tí a kò rí ẹyọ kan tí ó tọ́ nínú wọn? Wọ́n tún ní àwọn ọmọ Anambra ni a ń fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù káàkiri. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé Ìgbò ni Anambra, Ìgbò ni Mbaise, èdè kan náà ni wọ́n fi ń ka àdúrà. Nígbà tí wọn yóò fi oyè lé Okpaleke lórí ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, kò ṣeé ṣe ní Ahiara. Sẹ́mínárì Ulakwo, lábẹ́ Owerri, ni wọ́n ti ṣe é. Bíṣọ́ọ̀bù wá di ẹni tí kò lè wọ ìlú tí ó jẹ oyè lé lórí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, nítorí pé ìbéèrè tí ó wà ní ọkàn àwọn ènìyàn náà kì í ṣe ìbéèrè aláìgbàgbọ́. Ǹjẹ́ Póòpù lè ṣe àṣìṣe? Ìgbìmọ̀ àwọn Bíṣọ́ọ̀bù tí ó péjọ sí Vatican ní ọdún 1870 fi òǹtẹ̀ lù ú pé Póòpù kò lè ṣìnà nígbà tí ó bá fi àṣẹ ipò rẹ̀ kéde ohun tí gbogbo ìjọ gbọ́dọ̀ gbà nípa ìgbàgbọ́ àti ìwà. Yíyan Bíṣọ́ọ̀bù kò sí lára ìyẹn. Póòpù lè yan ẹni tí kò bá ìlú mu, láìjẹ́ pé ẹ̀kọ́ ìjọ yẹ̀ rárá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni kí ọmọ ìjọ ṣe? Kí ó gbà, kí ó sì dákẹ́ ni, àbí kí ó sọ̀rọ̀? Bí ó bá sì sọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́ ńkọ́?

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn lè ti àwọn ará Mbaise lẹ́yìn. Ariwo àwọn ará ìlú Milan ni ó sọ Ambrose di Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 374, nígbà tí kò tíì ṣe ìrìbọmi pàápàá. Póòpù Celestine kìn-ín-ní kọ ọ́ ní ọdún 428 pé kí a má ṣe fi Bíṣọ́ọ̀bù jẹ lé àwọn tí kò fẹ́ ẹ lórí. Ṣùgbọ́n ayé ti yí láti ìgbà náà. Òfin ìjọ tí ó jáde ní ọdún 1983 fi yíyan Bíṣọ́ọ̀bù sí ọwọ́ Póòpù. Ambrose gan-an, kí a má gbàgbé, kì í ṣe ọmọ bíbí Milan.

Àwọn mìíràn a sì máa tọ́ka sí Pọ́ọ̀lù Mímọ́, tí ó bá Pétérù wí lójúkojú ní Áńtíókù. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni Pétérù ṣe? Ó ń fà sẹ́yìn kúrò nídìí oúnjẹ àwọn tí kì í ṣe ẹ̀yà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ Bíbélì yẹn gbèjà Mbaise, kí ó rọra.

Nínú Máàsì, a máa ń dárúkọ Póòpù, a sì máa ń dárúkọ Bíṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ó bá fi tọkàntọkàn dárúkọ èkíní, tí ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tí èkíní rán wá, irú àdúrà wo ni ó ń gbà? Mo rò pé ọ̀pọ̀ ìyá tí ó kúnlẹ̀ ní Ahiara ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí, tí kò sì rí ẹni dá a lóhùn.

Ní oṣù Keje ọdún 2013, Póòpù Francis, tí ó ti gba ipò lọ́wọ́ Benedict, fi ìtọ́jú Ahiara lé Kàdínà John Onaiyekan lọ́wọ́. Ọmọ wa ni, ọmọ Kàbà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ẹni tí ó ti ṣe Bíṣọ́ọ̀bù ní Ìlọrin kí ó tó di Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Àbújá. Ṣé ẹ kò rí i bí ọ̀ràn ṣe rí? Wọ́n ní ọmọ Anambra jìnnà jù, ni a bá fi ọmọ Yorùbá ṣọ́ ilé fún wọn. Ọdún mẹ́rin ni ó fi gbé ẹrù náà, okùn kò tú.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 2017, Francis gba àwọn aṣojú láti Nàìjíríà lálejò ní Vatican, ó sì sọ̀rọ̀ líle. Ó ní òun ti rò ó láti pa Ahiara rẹ́, ṣùgbọ́n ìyá ni ìjọ í ṣe. Ó pàṣẹ pé kí olúkúlùkù Fádà, ìbáà wà nílé, ìbáà wà lẹ́yìn odi, kọ lẹ́tà tirẹ̀ lọ́tọ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kí ó tọrọ àforíjì, kí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ ìgbọràn, kí ó sì gba Bíṣọ́ọ̀bù náà. Ẹni tí kò bá kọ ọ́, iṣẹ́ àlùfáà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ fi ara yín sí ipò Fádà kan tí orí rẹ̀ ti funfun lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá kọ lẹ́tà náà, ojú wo ni yóò fi wo àwọn tí wọ́n jọ kọ́wọ̀ọ́ rìn? Bí kò bá kọ ọ́, kí ni yóò kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ohun tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe? Nǹkan bí igba lẹ́tà ni ó dé Rome. Wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ ìgbọràn, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn sọ láìfi bò pé yóò ṣòro fún ọkàn àwọn láti bá Okpaleke ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìjà ọdún púpọ̀. Póòpù fèsì fún wọn, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni níyà. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2018, a kéde pé Okpaleke ti kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, Póòpù sì ti gbà á. A fi Ahiara sí abẹ́ ìtọ́jú Bíṣọ́ọ̀bù Umuahia.

Ta ni ó borí? Àwọn kan sọ pé Póòpù juwọ́ sílẹ̀, àti pé ìlú mìíràn yóò fi í kọ́gbọ́n. Àwọn mìíràn sọ pé bàbá tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dẹ okùn ni. Ní tèmi, ìyà tí ó wà nínú rẹ̀ kò kan Póòpù tó bí ó ṣe kan Okpaleke, ẹni tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè náà kò sì tán. Nígbà tí Vatican kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 pé àlùfáà lè súre fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tí ó ń bá ara wọn gbé, àwọn Bíṣọ́ọ̀bù fúnra wọn ni ó bọ́ sínú bàtà àwọn Fádà Ahiara. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, Kàdínà Ambongo ti Kinshasa kọ̀wé ní orúkọ àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà pé irú ìsúre bẹ́ẹ̀ kò ní wáyé lọ́dọ̀ wọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ó ti kọ́kọ́ tọ Francis lọ, tí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan kí lẹ́tà náà tó jáde.

Ní ti Okpaleke, Francis dá ìjókòó tuntun sílẹ̀ ní Ekwulobia ní Ìpínlẹ̀ Anambra ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ó sì fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ó sọ ọ́ di Kàdínà. Francis kú ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 2025. Nígbà tí àwọn Kàdínà wọlé láti yan ẹlòmíràn, Okpaleke nìkan ni ó dìbò láti Nàìjíríà, nítorí pé Arinze àti Onaiyekan ti kọjá ọgọ́rin ọdún. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún, wọ́n yan Leo kẹrìnlá. Orúkọ Leo yìí ni àwọn Fádà Mbaise ń dá nínú Máàsì wọn, Póòpù tí ọkùnrin tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ wà lára àwọn tí ó dìbò yàn án.