Stout Aládùn fún Ikùn Tí Kò Gba Wàrà

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo yà kí ẹ̀gbọ́n mi kan ní Third Ward, ní Houston. Ilé wọn ò jìnnà sí Emancipation Park. Ìkòkò ńlá ni mo bá lórí iná, gbogbo ilé ń rùn bí ọkà yíyan. Ẹ̀gbọ́n ń pọn bíà! Ìyàwó wọn máa tó pé àádọ́ta ọdún, stout aládùn tí wọ́n ń fi lactose pọn ló sì wù ú. Àmọ́ Ẹ̀gbọ́n ò lè mu ife mílíìkì kan kí inú wọn má kùn.

Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ìwúkàrà ò ní ti jẹ mílíìkì inú ẹ̀ tán kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ni?"

Rárá o. Ibi tọ́rọ̀ ti dùn gan-an nìyẹn. Lactose ni ṣúgà inú wàrà. Ìwúkàrà, tí àwọn míì ń pè ní yíìsì, máa ń jẹ ṣúgà inú ọkà báálì, ó sì ń sọ ọ́ di ọtí. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà bíà ò ní lactase, ìyẹn énsáìmù tó ń gé lactose sí méjì bí àlùmọ́gàjí. Ni lactose bá dúró síbẹ̀, tó jẹ́ kí ọtí dùn kó sì ki. Ní 1907 ni iléeṣẹ́ Mackeson ní ìlú Hythe, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í tà á.

Àwa náà ńkọ́? Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé tó wá di mínísítà ètò ìlera lẹ́yìn náà, àti Norman Kretchmer pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí jáde nínú The Lancet. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ jùlọ Yorùbá tó ti kúrò ní ọmọ ọwọ́ ni kò lè da lactose, nígbà tí ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran lè dà á. Ẹ má pè é ní àìsàn o, bí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láyé ṣe rí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ aládùúgbò Ẹ̀gbọ́n ní Third Ward, tí àwọn baba ńlá wọn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá, wà nínú ẹgbẹ́ náà.

Ohun tí ìwúkàrà ò lè jẹ, àwa náà ò lè dà á. Àwọn bakitéríà inú ìfun ńlá ló ń jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ ni wọ́n sì fi ń san owó ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá da 450 gíráàmù lactose sínú lítà 19, ìgò kékeré kan á ní bíi gíráàmù 8. Ife mílíìkì kan ní bíi 12. Ìgò kan pẹ̀lú oúnjẹ lè má ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ta ló ń mu ìgò kan lóde àríyá?

Ẹ̀gbọ́n ti ra lactase olómi. Wọ́n fẹ́ kán an sínú ọtí nígbà tí wọ́n bá ń rọ ọ́ sígò. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ dúró ná!" Ìwúkàrà ṣì wà láàyè nínú ìgò. Tí lactase bá gé lactose, ìwúkàrà á rí oúnjẹ tuntun, á máa tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nínú ìgò tí a ti dé pa, ìgò á sì bẹ́. Àfọ́kù ìgò kì í mọ ojú ẹni. Ẹnu ni kẹ́ ẹ ti lo lactase: ẹ gbé oníhóró mì pẹ̀lú ìgò àkọ́kọ́.

Ohun tá a wá ṣe ni pé a wá ṣúgà tí ìwúkàrà ò lè jẹ, àmọ́ tí ikùn tiwa lè dà. Dextrin inú ọkà ni. Tẹ́ ẹ bá rẹ ọkà náà sínú omi tó gbóná tó 68 sí 69 lórí ìwọ̀n Celsius fún wákàtí kan, dextrin á pọ̀ níbẹ̀, ọtí á sì ki. A fi ọ́ọ̀tì àti crystal malt kún un kó lè dùn, a sì lo ìwúkàrà Windsor, tí kì í jẹ maltotriose, ṣúgà míì tó wà nínú ọkà. A wọn ọtí náà títí ìwọ̀n ẹ̀ fi dúró sójú kan fún ọjọ́ mẹ́ta ká tó rọ ọ́ sígò.

Ooru Houston ló fẹ́ bà á jẹ́. Ìwúkàrà fẹ́ bíi 18 sí 20; àwa ń sun 35 níta! Inú ọpọ́n omi la gbé garawa náà sí, tá à ń pààrọ̀ ìgò yìnyín láàárọ̀ àti lálẹ́.

Mi ò ní purọ́, kò dùn tó ti lactose. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n tọ́ ọ wò, ó ní ó dà bí Ódẹ́kú tí wọ́n fi málítì là. Ẹ̀gbọ́n mu ìgò méjì, wọ́n tún ṣí ẹ̀kẹta.